Ta Ló Ń San Owó Lọ́yà Tẹ́ ẹ Bá Pe Ìjọba Amẹ́ríkà Lẹ́jọ́ Nítorí Ilẹ̀ àti Omi?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston lèmi àti ìdílé mi ń gbé. Ilẹ̀ àbàtà kan wà lẹ́yìn ẹ́sítéètì wa tó máa ń gba omi òjò, ilé iṣẹ́ kan sì ti gba pámíìtì lọ́wọ́ àwọn Army Corps of Engineers, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń fúnni láṣẹ láti da nǹkan sí àbàtà, pé àwọn fẹ́ da yẹ̀pẹ̀ sí i kí wọ́n kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sórí ẹ̀. Ẹ̀rù omíyalé ń bà wá. Àwa aládùúgbò ti pinnu pé a máa pe ìjọba lẹ́jọ́. Arákùnrin kan nínú gúrúùpù WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ìjọba Amẹ́ríkà ló ń san owó lọ́yà fún ẹnikẹ́ni tó bá pe ẹjọ́ lórí àyíká, pé ká kàn mú $400 wá láti ilé kọ̀ọ̀kan kí òun fi réjísítà wa, owó á jáde kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù á di tiwa. Ṣé òótọ́ ni? Fọ́ọ̀mù wo la máa kọ?

ÌDÁHÙN: Kò sí fọ́ọ̀mù kankan. Ẹ má fún arákùnrin yẹn ní kọ́bọ̀, tẹ́ ẹ bá sì ti fún un, ẹ lọ gbà á padà ná kẹ́ ẹ tó wá ka ìyókù ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Ẹ má bínú pé mo fi ìbínú bẹ̀rẹ̀. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, orúkọ ẹni tó ń gbowó ló kàn máa ń yí padà, lónìí àjẹ́ǹtì, lọ́la pásítọ̀, lọ́tùn-únla ẹnì kan tó ní òun "mọ èèyàn ní Washington". Àwọn tí wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ wọn kì í ṣe olówó, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ní nọ́sìnhóòmù ni, àwọn tó ń wa Uber.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú irọ́ yẹn, òun ló sì jẹ́ kó dùn ún gbà gbọ́. Òfin kan wà lóòótọ́ tó ń jẹ́ Equal Access to Justice Act, EAJA la máa ń pè é. Àmọ́ ìjọba kì í san owó lọ́yà fún ẹni tó ń pè é lẹ́jọ́. Ohun tí òfin yẹn sọ ni pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi owó ara yín jà, tí ẹjọ́ ti parí, tẹ́ ẹ sì jàre, adájọ́ lè ní kí ìjọba dá díẹ̀ padà nínú owó tẹ́ ẹ ná. Adájọ́ lè sọ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má sọ ọ́, díẹ̀ náà ló sì máa ń jẹ́. Ó dà bí ìgbà tí òrùlé ilé tẹ́ ẹ háyà bá ń jò tí lándílọ́ọ̀dù ò dá yín lóhùn, tẹ́ ẹ wá fowó yín tún un ṣe, tẹ́ ẹ kó rìsíìtì lọ bá a, òun náà wá ń yẹ rìsíìtì yẹn wò ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní ìṣó yìí wọ́n jù, iṣẹ́ ọjọ́ méjì yìí ọjọ́ kan ló yẹ kó gbà.

Ibi tọ́rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, torí ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n ni wọ́n máa ń rí lù ní jìbìtì. Nílé, àwa tí òfin Gẹ̀ẹ́sì tọ́ dàgbà, a mọ̀ pé ẹni tó bá pòfo nínú ẹjọ́, adájọ́ lè ní kó san kọ́ọ̀sì fún ẹni tó jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí wọ́n máa ń dá ní Nàìjíríà kì í tó nǹkan. Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀. Níbí, kálukú ló ń san owó lọ́yà ẹ̀, ẹ jàre o, ẹ jẹ̀bi o, àfi tí òfin kan bá dìídì sọ nǹkan mìíràn. Láyé àwọn 1970, àwọn ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igbó àti odò, Wilderness Society wà lára wọn, gbé ẹjọ́ lọ kọ́ọ̀tù torí páìpù epo ńlá tí wọ́n fẹ́ là gba Alaska kọjá. Wọ́n jàre, wọ́n wá ní kí ilé iṣẹ́ páìpù yẹn bá àwọn san nínú owó lọ́yà, pé àǹfààní gbogbo ará ìlú làwọn jà fún. Kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ dá wọn lóhùn ní 1975, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Alyeska, pé ó ti o, iṣẹ́ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì nìyẹn, adájọ́ ò lè fúnra ẹ̀ pín owó lọ́yà torí pé ẹjọ́ náà ṣe ìlú láǹfààní. Ìgbà tó di 1980 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gbé EAJA jáde, Ààrẹ Carter ló bu ọwọ́ lù ú, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní October 1981, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin tí kì í kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1985. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kì í ṣe torí igbó tàbí ẹyẹ ni wọ́n ṣe ṣe é, àwọn oníṣòwò kéékèèké tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń yọ lẹ́nu tí wọn ò lówó tí wọ́n á fi jà ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ní báyìí, ta ló lè rí owó yẹn gbà? Ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin yìí mú. Tó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ Texas, tàbí káúńtì, tàbí ìlú Houston lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́, ẹ gbàgbé EAJA. Ó tún yọ ẹjọ́ torts kúrò, ìyẹn irú ẹjọ́ tẹ́ ẹ bá ń béèrè owó gbà-má-bínú torí pé mọ́tò ìjọba gbá yín. Ẹnì kan tí gbogbo dúkìá ẹ̀ bá ju $2 mílíọ̀nù lọ lẹ́yìn tí wọ́n yọ gbèsè kúrò kò lè gbà á, ilé iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ tí tiẹ̀ bá ju $7 mílíọ̀nù tàbí tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ju 500 lọ kò lè gbà á. Ọjọ́ tí ẹ fáìlì ẹjọ́ ni wọ́n fi ń wọn dúkìá yẹn, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ jàre. Ẹgbẹ́ aláàánú tó ní ìwé 501(c)(3), ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yọ wọ́n kúrò nínú owó orí, kò ní ìdíwọ̀n dúkìá ní tiẹ̀, ti òṣìṣẹ́ 500 nìkan ló mú un. Ẹgbẹ́ onílé ẹ́sítéètì yín ò dájú pé 501(c)(3) ni, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe é, ẹ bi akáǹtáǹtì yín.

Tẹ́ ẹ bá ti wọlé síbẹ̀, ilẹ̀kùn méjì ló tún kù, ibẹ̀ ló sì le sí.

Àkọ́kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ jàre ẹjọ́, jíjàre tí kọ́ọ̀tù ń sọ sì yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀yin àti èmi mọ̀. Ká ní ẹ fáìlì ẹjọ́ ní Monday, ẹ̀rù ba Corps, wọ́n fagi lé pámíìtì yẹn ní Friday, katapílà padà sílé, ẹ jó, ẹ yọ̀, ẹ se ìrẹsì. Ẹ ti rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbà, àmọ́ ẹ ò jàre lójú òfin, kò sí owó. Látìgbà ẹjọ́ Buckhannon ní 2001 ni Kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ ti ní àfi tí adájọ́ bá fọwọ́ sí nǹkan kan tó yí ipò ẹ̀yin méjèèjì padà, bí ìdájọ́ tàbí àdéhùn tí kọ́ọ̀tù fi òǹtẹ̀ lù. Ó tún wá le sí i ní February 2025. Àwọn awakọ̀ kan ní Virginia tí wọ́n gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ wọn torí pé wọn ò rí owó ìtanràn kọ́ọ̀tù san, wọ́n pe ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́, adájọ́ fún wọn ní àṣẹ ìdádúró fún ìgbà díẹ̀, ó ní ó jọ pé wọ́n máa jàre. Kí ẹjọ́ tó parí, àwọn aṣòfin Virginia fúnra wọn pa òfin yẹn rẹ́. Àwọn lọ́yà ní ẹ san owó wa. Adájọ́ 7 nínú 9 ní rárá, àṣẹ ìdádúró fún ìgbà díẹ̀ kì í ṣe jíjàre. Lackey v. Stinnie lorúkọ ẹjọ́ náà. Ẹjọ́ mọ́tò ni lóòótọ́, òfin tó dá lé lórí náà kì í ṣe EAJA, àmọ́ gbólóhùn kan náà ló wà nínú òfin méjèèjì, mi ò sì rí lọ́yà àyíká kan tí orí ò fọ́ lọ́jọ́ yẹn, torí ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ wa, àṣẹ ìdádúró yẹn ni gbogbo ẹ̀. Tí adájọ́ bá ti dá igi gígé dúró nínú igbó ìjọba fún ọdún kan, àwọn òṣìṣẹ́ igbó lè yọ ètò yẹn kúrò lórí tábìlì wọ́ọ́rọ́wọ́, kí lọ́yà sì máa gba ilé lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ wá gba owó "kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀", ẹ bi í bóyá ó ti gbọ́ Lackey rí.

Ìkejì, ẹ lè jàre tán kí ìjọba ṣì má san nǹkan kan. Tí wọ́n bá lè fi han adájọ́ pé ohun tí wọ́n ṣe ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jẹ̀bi, ó parí nìyẹn. Àwọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn, kì í ṣe ẹ̀yin, ìyẹn dáa. Àmọ́ ohun tí Kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ sọ ní 1988 ni pé kò pọn dandan kí ìdí yẹn tọ̀nà, tó bá ti lè tẹ́ ẹni tó ní làákàyè lọ́rùn, ó ti tó.

Ó wá ku owó fúnra ẹ̀. Òfin kọ $125 fún wákàtí kan, látọdún 1996 ló ti wà bẹ́ẹ̀, adájọ́ lè bù kún un torí pé nǹkan ti wọ́n, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò yẹn dáadáa ó ti ju $200 lọ báyìí. Lọ́yà tó mọ iṣẹ́ àyíká ní ìlú ńlá kì í gba iye yẹn, ó máa jù ú lọ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, àpẹẹrẹ lásán ni o: lọ́yà yín ṣiṣẹ́ wákàtí 300, $450 ló ń gbà fún wákàtí kan, ó di $135,000. Adájọ́ ní wákàtí 50 nínú ẹ̀ pọ̀ jù, ó gba 250, ó fi $240 sí i, ó di $60,000. $75,000 tó kù ńkọ́? Ta ló máa san án? Àyà yín ló máa sọ fún yín. Ibo ni "èyí tó ṣẹ́kù á di tiwa" ti fẹ́ jáde wá? Àwọn kọ́ọ̀tù apá ìwọ̀-oòrùn máa ń gbà kí iye yẹn ga sí i fún lọ́yà tó ní ìmọ̀ àrà ọ̀tọ̀ nípa òfin àyíká, àmọ́ Texas ò sí lábẹ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá sì ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dúró ní kọ́ọ̀tù láìní lọ́yà, owó lọ́yà ò sí fún yín rárá, ẹ ò kúkú ní lọ́yà.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù: orúkọ oníbàárà ni wọ́n fi ń san owó yẹn, kì í ṣe orúkọ lọ́yà. Kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ ló sọ bẹ́ẹ̀ ní 2010, Astrue v. Ratliff. Èyí túmọ̀ sí pé tẹ́ ẹ bá jẹ ìjọba àpapọ̀ ní gbèsè, owó orí tó ti pẹ́ ni àbí lóònù iléèwé tẹ́ ẹ ò san mọ́, wọ́n lè fi owó yẹn di gbèsè yín kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Lọ́yà tó gbọ́n máa béèrè nípa gbèsè yín kó tó gba ẹjọ́ yín, ẹ má rò pé ó ń tojú bọ ọ̀rọ̀ tí ò kàn án.

Irọ́ yìí ní ojú kejì, mo sì fẹ́ fọwọ́ kàn án torí pé àwọn kan máa kọ̀wé sí mi. Ojú àkọ́kọ́ ni ti gbájú-ẹ̀ yẹn: ẹ wá gba owó ìjọba. Ojú kejì ni ti àwọn olóṣèlú kan, pàápàá láti àwọn ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ ìjọba ti pọ̀ bíi Wyoming: àwọn ẹgbẹ́ onígbó ń fi owó orí yín pe ìjọba lẹ́jọ́, wọ́n sì ń fi í dolówó. Cynthia Lummis, tó ń ṣojú Wyoming ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì nígbà yẹn, gbé àbádòfin kan wá ní 2011 láti gé e kù. Mi ò mọ lọ́yà àyíká kankan tó ń sùn sórí owó EAJA, ẹ wo ìṣirò tí mo ṣe lókè yẹn. Ní 2011 kan náà, GAO, àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, wo àwọn ẹjọ́ tí wọ́n pe EPA, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, láàárín 1995 sí 2010, nǹkan bíi 155 lọ́dún kan. Nínú àwọn tó pe ẹjọ́, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ kó ìdá 25 nínú 100, ilé iṣẹ́ aládàáni kó 23, ẹgbẹ́ àyíká ti àdúgbò kó 16, àwọn ẹgbẹ́ àyíká ńlá kó 14. Owó lọ́yà tí àpò Treasury, ìyẹn ilé ìṣúra ìjọba àpapọ̀, san lórí àwọn ẹjọ́ EPA láàárín 2003 sí 2010 jẹ́ nǹkan bíi $1.8 mílíọ̀nù lọ́dún, fún gbogbo Amẹ́ríkà. Tó bá sì jẹ́ ti EAJA lápapọ̀, àwọn aláàbọ̀ ara tí Social Security fi owó wọn dù wọ́n àti àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú àwọn olóṣèlú yẹn ni pé kò sẹ́ni tó ń ka owó yìí jọ síbì kan fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n fòpin sí ìròyìn ọdọọdún yẹn ní 1995, ó di 2019 kí wọ́n tó fi òfin dá a padà, ìyẹn ló jẹ́ kí oníkálukú máa pariwo iye tó wù ú.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká padà sórí àbàtà ẹ̀yìnkùlé yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìmọ̀ lásán ni o, mi ò tíì rí pépà yín, Maryland ni láísẹ́ńsì mi wà, èmi kọ́ ni lọ́yà yín, ẹ má mú un lọ bá adájọ́ pé Àǹtí ló sọ ọ́.

Ẹjọ́ tí wọ́n sábà máa ń pe Corps lórí irú pámíìtì yìí ni pé wọn ò yẹ ipa tó máa ní lórí àyíká wò dáadáa bí òfin NEPA ṣe ní kí wọ́n ṣe (òfin àyẹ̀wò àyíká ti Amẹ́ríkà ni, kì í ṣe NEPA oníná ti ilé o), tàbí pé wọn ò tẹ̀ lé ìlànà Clean Water Act, òfin tó ń dáàbò bo omi, kí wọ́n tó fún un. NEPA ò ní ọ̀rọ̀ owó lọ́yà kankan nínú, ìdí nìyẹn tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fi máa ń sá sábẹ́ EAJA. Àwọn òfin mìíràn wà tí wọ́n ní àyè owó lọ́yà tiwọn, bíi èyí tó ń dáàbò bo ẹranko tó fẹ́ run, àpò Treasury ni ìyẹn ti ń jáde, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí ìjọba ní ọjọ́ 60 kẹ́ ẹ tó fáìlì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pòfo lórí lẹ́tà yẹn nìkan. Tó bá jẹ́ EAJA, owó inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀ka ìjọba tó jẹ̀bi gan-an ni wọ́n ti ń san án, ẹ má retí pé wọ́n á fi ẹ̀rín san án.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó ronú owó tó máa padà, ẹ wá ẹni tó máa ṣiṣẹ́ náà. Iléèwé òfin máa ń ní kílíníìkì àyíká, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti ń ṣiṣẹ́ ẹjọ́ lábẹ́ lọ́yà, ọ̀kan wà ní University of Texas ní Austin. Lone Star Legal Aid, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn tí ò lówó ṣe ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, náà ní àwọn lọ́yà tó ń ṣe ọ̀rọ̀ àyíká, àmọ́ wọ́n máa wo iye tó ń wọlé fún yín. Tẹ́ ẹ bá háyà lọ́yà, kí àdéhùn wà lórí ìwé, kó sì kọ síbẹ̀ ẹni tó ni owó tí ìjọba bá dá padà, àti ẹni tó máa san ìyàtọ̀. Kó máa kọ wákàtí ẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ohun tó ṣe àti ìṣẹ́jú tó gbà, torí adájọ́ máa ń gé wákàtí tí wọ́n fi orí rò lẹ́yìn ọdún méjì. Ọjọ́ 30 péré lẹ ní láti béèrè owó yẹn lẹ́yìn tí ìdájọ́ bá ti di èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lé lórí mọ́. Ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀. Pámíìtì yẹn ní nọ́mbà, ẹ béèrè ẹ̀ lọ́fíìsì Corps ní Galveston, ẹ gba ẹ̀dà gbogbo ìwé tó wà nínú fáìlì náà, torí tí wọ́n bá ti da yẹ̀pẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó dé kọ́ọ̀tù, adájọ́ lè ní kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe.

Ẹ̀yin tí omi ìjì Harvey wọ ilé yín ní 2017 lápá òkè Addicks àti Barker, ìdídò ìjọba méjì tó wà ní Houston, tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá EAJA kàn yín: tiyín yàtọ̀, ẹjọ́ pé ìjọba fi dúkìá yín ṣe àdágún omi láìsanwó ni, òfin mìíràn ló ń san owó lọ́yà ibẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà tó ń bá yín ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà, òótọ́ ni pé Kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ ní Nàìjíríà gbà ní 2018 kí ẹgbẹ́ Centre for Oil Pollution Watch pe NNPC lẹ́jọ́ lórí epo tó dà sínú omi ní Abia, ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ lè gbé ẹjọ́ wá, kò sọ pé NNPC máa san owó lọ́yà yín.

Ní ti arákùnrin WhatsApp yẹn, ẹ ya fọ́tò gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́, pẹ̀lú nọ́mbà tó ní kẹ́ ẹ sanwó sí. Ẹ bi í ní nọ́mbà State Bar ẹ̀, ìyẹn nọ́mbà tí ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Texas máa ń fún lọ́yà. Tí kò bá ní, tó sì ń gbowó pé òun ń bá yín ṣe iṣẹ́ lọ́yà, ìgbìmọ̀ kan wà ní Texas tó ń jẹ́ Unauthorized Practice of Law Committee, ẹ kọ̀wé sí wọn. Mo mọ̀ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yín ni, mo mọ̀ pé ẹ máa ní ẹ ò fẹ́ dójú tì í. Òun ò ní irú ìtìjú yẹn nígbà tó ń béèrè $400 nílé kọ̀ọ̀kan.